Bí Ìpínlẹ̀ Ṣe Ń Fi Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kan Sílẹ̀ Láìjẹ́ Pé Ẹnikẹ́ni Yí Ọkàn Padà

Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti 2024, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró nídìí tábìlì ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní oríta Ọláìyá, nílùú Òṣogbo, èmi pẹ̀lú àwọn bíi tèmi tó máa ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọn kì í sì í rà á. Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ na ọ̀pá wọn sí máàpù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n fi pupa kùn fún ẹgbẹ́ Republican, tí wọ́n fi búlúù kùn fún Democrat. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ là mí lóye. Georgia yìí, ẹgbẹ́ Republican ló ń tẹ̀ lé látọjọ́ tó ti pẹ́. Ní 2020, ó fò sọ́dọ̀ Democrat. Ọdún mẹ́rin péré, ó tún ti fò padà. Àbí àwọn náà ń ṣe dìbò-kó-o-sebẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tí kò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìbéèrè Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nípa ìbò ni wọ́n sọ yẹn: tí ibì kan bá ti kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ tó ń tẹ̀ lé, á jẹ́ pé wọ́n náwó fún wọn, tàbí wọ́n ṣe màgòmágó, tàbí ìyà ti jẹ aráàlú dé góńgó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ará Ọ̀ṣun nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kẹrin wà tí kì í pariwo, tí ìwé ìròyìn kì í sábà gbé torí pé kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan: àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ ló ń gbé ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti kó lọ, àwọn mìíràn ti kó dé, ọmọ ọwọ́ àná ti gba káàdì ìdìbò. Orúkọ ìpínlẹ̀ ò yí, àwòrán rẹ̀ lórí máàpù ò yí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló yí.

Kí n tó dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba àdúgbò wa kọjá.

Ẹ̀yìn títì Gbọ̀ngán ni mò ń gbé, lápá ibi téèyàn ń gbà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo kọ́lé síbẹ̀, àwa tá a wà nínú ẹgbẹ́ onílé jẹ́ 31. Àwọn 22 jẹ́ ọmọ bíbí Òṣogbo, ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n kọ́lé sí. Àwa 9 tó kù, àlejò ni wá, òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù nínú wa: ará Iléṣà, ará Ìwó, ará Ìlá, títí kan ará Ẹdẹ kan tó jẹ́ pé tó bá sùn sílé bàbá rẹ̀, á ṣì débi iṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó jí. Lọ́dún yẹn, ẹnì kan nínú wa dábàá pé ká ṣe géètì sẹ́nu òpópónà wa, ká máa tì í láago mẹ́wàá alẹ́, nítorí olè. Àwa àlejò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Alága ìgbà náà bi wá pé, "Tí mo bá ń ṣòkú màmá mi, ẹ̀yin lẹ máa dúró ṣí géètì fáwọn àna mi?" A dìbò: 22 sí 9. Ọ̀rọ̀ géètì wọlẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Nínú ilé 22 yẹn, wọ́n ti ta márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn, àwọn onílé kú, àwọn ọmọ wà ní Èkó àti Kánádà, wọ́n tà á, wọ́n pín owó. Méjì tó kù, owó ilé ìwòsàn ló ta ọ̀kan, owó iléèwé ló ta èkejì. Àlejò ló ra márààrún. Lórí ilẹ̀ tó ṣófo, tá a fi ń gbin àgbàdo tẹ́lẹ̀, àlejò mẹ́sàn-án mìíràn tún kọ́lé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọmọ onílẹ̀ ku 17. Àlejò jẹ́ 9, ẹ ro 5 mọ́ ọn, ẹ tún ro 9 mọ́ ọn, ó di 23. Bẹ́ẹ̀ lẹnì kan tún gbé ọ̀rọ̀ géètì wá sípàdé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ 17 yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó yí èrò rẹ̀ padà. Nínú àwa mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, bákan náà. Kò sẹ́ni tó pín ìrẹsì fẹ́nikẹ́ni. Síbẹ̀, àbá tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí ti wá lágbára ju àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Tí àjèjì bá wá ka ìwé ìpàdé wa, á ní "àdúgbò yìí ti yí èrò wọn padà lórí géètì." Irọ́ ni. Àdúgbò kì í ní èrò. Àwọn onílé ló ní èrò, àwọn onílé ló sì pààrọ̀.

Géètì wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe 23 sí 17 la rí. 21 sí 19 ni. Méjì nínú àwọn àlejò tuntun bá àwọn ọmọ onílẹ̀ dìbò: nọ́ọ̀sì kan tó máa ń tibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, àti ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì Èkó, tó jẹ́ pé òru ló sábà máa ń wọlé. Ẹ má gbàgbé àwọn méjèèjì yìí o, a ṣì máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Ó yá, ká lọ sí Virginia. Láti 1968 títí dé 2004, ẹgbẹ́ Republican ni Virginia ń dìbò fún nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ, kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2008, Barack Obama ti ẹgbẹ́ Democrat gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, àti láti ìgbà náà títí dé 2024, kò sí Republican tó tún borí níbẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé apá àríwá ìpínlẹ̀ náà fara kan Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Bí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rọ́ dé, làwọn èèyàn ń kó wá síbẹ̀, láti ìpínlẹ̀ mìíràn, àti láti Íńdíà, Kòríà, Vietnam, El Salvador àti Ethiopia. Ẹ wo ibì kan tí wọ́n ń pè ní Loudoun. Káńtì ni àwọn ń pè é. Ẹ ṣáà kà á sí ìjọba ìbílẹ̀. Ní 1990, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 86,000, ilẹ̀ oko àti oko ẹṣin ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 2020, wọ́n ti lé ní 420,000. Ìlọ́po márùn-ún ó dín díẹ̀, láàárín ọgbọ̀n ọdún! George W. Bush ni Loudoun dìbò fún ní 2004. Ní 2008, Obama ni.

Àwọn ará abúlé tó wà lápá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn Virginia kò sá lọ síbì kankan. Wọ́n wà níbẹ̀, Republican náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dìbò fún. Ìbò wọn ló kàn wá dà bí ìbò àwọn ọmọ onílẹ̀ 17 lọ́jọ́ ìpàdé géètì.

Fún ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣàjèjì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú wa láti Ìbàdàn ní 1907, oníṣòwò oríṣiríṣi ló bá a dé, àwọn míì ò sì padà. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìjọba ológun yọ Ọ̀ṣun kúrò lára ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n fi Òṣogbo ṣe olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ń jayé Ìbàdàn bá di ẹrù wọn. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń wò yìí, igbó ló wà níbẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ní 1991 tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ìpínlẹ̀ lè yí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, tí wọ́n bá ṣáà ti fa ààlà tuntun. Ẹni tó sùn ní Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n jí ní ìpínlẹ̀ mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lórí ibùsùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ yan gómìnà, èrò Ìbàdàn ni ẹni tó ń díje máa kọ́kọ́ rò. Lẹ́yìn náà, Ìbàdàn ò sí nínú ìṣirò mọ́. Virginia náà ti rí irú rẹ̀ rí: nígbà ogun abẹ́lé wọn, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kọ̀ láti bá a yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá dúró ní 1863. Ìyẹn ló di West Virginia.

West Virginia yìí ló sì máa ń da ẹni tó bá rò pé àlejò nìkan ló ń yí ìbò láàmú. Wọn kì í kó lọ síbẹ̀. Wọ́n ń kó kúrò níbẹ̀ ni. Ní 1950, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2. Ní ìkànìyàn 2020, wọn ò tó mílíọ̀nù 1.8. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ni wọ́n ń ṣe jẹun, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakùsà sì lágbára débi pé Democrat nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Bill Clinton gbà á ní 1992 àti 1996. Àmọ́ ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakùsà, ilé ìwakùsà ń tì pa, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń kú, àwọn ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn, àwọn àgbàlagbà ló ń ṣẹ́ kù. Nígbà tó di pé àwọn aṣáájú Democrat ń sọ̀rọ̀ pé èéfín èédú ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ẹni tí èédú fi ránmọ níléèwé gbọ́ ọ bí èébú. Láti 2000, Republican ló ń gba ìpínlẹ̀ náà. Ní 2020, Donald Trump borí ní gbogbo káńtì 55 tó wà níbẹ̀. Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn yí ọkàn padà lóòótọ́, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó lọ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Tí àwọn ọmọ ilé bá ti jáde lọ tán, èrò àwọn tó kù ni èrò ilé.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan gbogbo ayé pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kan tí ìbò rẹ̀ yí. Amẹ́ríkà kì í ka ìbò ààrẹ bíi tiwa. Tiwa, àpapọ̀ ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè ni a kọ́kọ́ ń wò, ẹni tó sì máa wọlé gbọ́dọ̀ tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Tiwọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìbò tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 538, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 270 ló wọlé. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá fi ìbò ẹyọ kan borí nínú ìpínlẹ̀ ló ń kó gbogbo ìbò ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tó bá rọra ń sún láti 45 nínú ọgọ́rùn-ún sí 49, kò tíì ṣe nǹkan kan lójú máàpù. Tó bá fi lè kọjá 50 báyìí, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ìpínlẹ̀ kàn jí lọ́jọ́ kan tó yí padà. Ogún ọdún ló ti fi ń yí. A ò rí i ni.

Iye ìbò 538 yẹn pàápàá kì í dúró sójú kan láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka èèyàn, tí wọ́n á sì tún ìjókòó 435 tó wà nílé aṣojú-ṣòfin pín, iye ìjókòó tí ìpínlẹ̀ bá sì ní níbẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu iye ìbò rẹ̀. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, Texas jèrè méjì, Florida jèrè ọ̀kan, California àti New York pàdánù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n ka èèyàn 89 sí i ní New York ni, wọn ì bá má pàdánù tiwọn. Èèyàn 89, kò ju èrò inú danfo mẹ́fà lọ. Àwa ńkọ́? 2006 la ka èèyàn gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Wọ́n ka ará Ọ̀ṣun sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 nígbà náà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò, tí a ò sì tíì kà á rí.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, títí kan àwọn tó ń fi òṣèlú jẹun: orí yàtọ̀ sí ìbò. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé nítòsí Atlanta. Wọ́n kà á mọ́ ará Georgia ní 2020, ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, owó orí ń kúrò lára owó-oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìbò. Green card ló ní nígbà náà, kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá fún èèyàn ní green card ni ọ̀pọ̀ tó lè béèrè fún ìyẹn, ọdún mẹ́ta fún ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ìlú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àmọ́ ó di ìgbà tó bá pé ọdún 18 kó tó fọwọ́ kan ìbò. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé àjèjì ti kún ìlú kan lónìí, ẹ má retí èsì rẹ̀ nínú ìbò ọ̀la. Ẹ fún un ní ọdún mẹ́wàá, ẹ fún un ní ogún.

Mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Òṣogbo tí káàdì ìdìbò mi ṣì wà nílùú wa. Lójú ẹni tó ń ka orí, ará Òṣogbo ni mí. Lójú àpótí ìbò, n ò sí níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó kún ìgboro wa yìí náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, ìlú bàbá wọn ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ rárá. Nígbà ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 2022, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2. Ìbò tí wọ́n kà kò ju nǹkan bí 800,000 lọ. Ẹ ò rí i pé ìlú kan wà nínú ìlú: ìlú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àti ìlú àwọn tó ń jáde dìbò. Ìkejì ló ń yan gómìnà.

Nígbà míì, ẹni tó ń bẹ̀rù àlejò gan-an ló máa ń ti àlejò lọ sídìí àpótí ìbò. Ní California, láti 1952 dé 1988, Republican ló ń gba ìpínlẹ̀ náà nínú ìdìbò ààrẹ, àfi 1964 nìkan. Ní 1994, gómìnà wọn, Pete Wilson ti Republican, gbárùkù ti òfin kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 187, tó fẹ́ ká má fún àwọn tí kò níwèé ìgbélùú láǹfààní iléèwé àti ìtọ́jú ìlera ìjọba. Aráàlú dìbò fún òfin náà, kóòtù dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò àti ará Látìn Amẹ́ríkà tó níwèé, tí wọn ò tíì ṣe wàhálà láti di ọmọ orílẹ̀-èdè, gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sáré lọ gba ìwé, wọ́n forúkọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé California ti kọ́kọ́ yí ní 1992, àmọ́ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn 1994 wà lára ohun tí kò jẹ́ kó padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dá Bàbá lóhùn lórí Georgia wàyí. Láàárín nǹkan bíi 1910 sí 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà ló kúrò lápá gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, torí ìyà àti àìríṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1970 wá, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ti ń padà sí gúúsù, Atlanta ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń forí lé. Àwọn ará Éṣíà, ará Látìn Amẹ́ríkà, àti àwa ọmọ Nàìjíríà kún un. Káńtì Gwinnett tó wà lẹ́yìn Atlanta, lẹ́yìn 1976 kò dìbò fún Democrat kankan fún ipò ààrẹ mọ́, títí di 2016 tó dìbò fún Hillary Clinton. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Joe Biden fi ìbò 11,779 péré gba gbogbo Georgia, nínú ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 2024, Trump gbà á padà. Ṣé àwọn tó kó dé ti kó lọ ni? Rárá o. Àwọn tó ń kó dé ló gbé ìpínlẹ̀ náà láti ibi tí Democrat ti máa ń fìdí rẹmi dé ibi tí òṣùwọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí òṣùwọ̀n bá sì ti dọ́gba, ìyẹ́ adìẹ tó bá bà lé e, á tẹ̀ ẹ́: owó oúnjẹ tó gbówó lórí, ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀, òjò ọjọ́ ìdìbò pàápàá.

Mo ti ṣèlérí pé a máa padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ wa. Àwọn olóṣèlú máa ń ka àlejò bíi pé ọ̀kan ni wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan nínú Democrat gbà pé bí àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà bá ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wọn máa jókòó sórí àga títí ń sún mọ́lé. Ẹ wá wo Starr, káńtì kan ní Texas, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Mẹ́síkò. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, nǹkan bíi 97 ló jẹ́ ará Látìn Amẹ́ríkà. Láti 1892, kò sí Republican tó gba ibẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ. Ní 2024, Trump gbà á. Àwọn èèyàn Starr ò pààrọ̀; ohun tó ká wọn lára ló pààrọ̀: iṣẹ́ epo, owó ọjà, ọ̀rọ̀ ààlà tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀sìn. Florida ńkọ́? Ní 2000, ìbò 537 ni wọ́n fi mọ ẹni tó borí níbẹ̀. Àlejò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà, ó wá ń pupa sí i ni. Àwọn tó fẹ̀yìn tì láti àríwá, tí wọ́n ń wá oòrùn, pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó sá fún ìjọba sósíálíìsì ti Castro ní Cuba àti àwọn tó sá kúrò ní Venezuela wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá sì ti jọ sósíálíìsì lójú wọn, kò lè rí ìbò wọn gbà. Àlejò ni ará Loudoun, àlejò ni ará Miami. Ibi tí oníkálùkù ti ń bọ̀ àti ohun tó lé e kúrò níbẹ̀ ló ń bá a wọ inú àgọ́ ìdìbò.

Mo ní ìwọ̀n kan tí mo fi ń ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ fún ara mi: bó ṣe yá tó. Ohun tó bá yí láàárín ọgbọ̀n ọdún, ẹ lọ wo àwọn tó wà nínú ilé. Ohun tó bá yí láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ wá ohun mìíràn. Ní Èkó, lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì 2023, Peter Obi ní ìbò 582,454, Bola Tinubu ní 572,606, lórí ilẹ̀ tí Tinubu ti ṣe gómìnà. Kíá làwọn kan ti pariwo pé àwọn Ìgbò ti gba Èkó. Èmi ò rò pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ dìbò fún Obi. Mo mọ̀ wọ́n, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìbátan mi. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, Babajide Sanwo-Olu ti APC sì wọlé padà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, pẹ̀lú àlàfo tó pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Ìlú ò lè kún kó tún fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó jáde lọ́jọ́ kìíní àti àwọn tó jáde lọ́jọ́ kejì ló yàtọ̀.

Tiwa náà rèé. Ní 2018, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka ìbò gómìnà Ọ̀ṣun, Ademola Adeleke ti PDP fi ìbò 353 ṣíwájú Gboyega Oyetola ti APC. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó ìdìbò méje, Oyetola sì fi 482 borí. Ní 2022, Adeleke ní 403,371, Oyetola ní 375,027. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn ará Ọ̀ṣun ti pààrọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n kó lọ. Gbogbo wa la mọ àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: ìjà inú ẹgbẹ́ APC, owó-oṣù hàáfù tó ti wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ láti ìjọba tó ṣáájú, owó ìfẹ̀yìntì. Ìjì òṣèlú nìyẹn. Ohun tó ti wà nílẹ̀ kí ìjì tó dé ni pé òṣùwọ̀n ti dọ́gba, bíi ti Georgia, débi pé ìbò inú òpópónà méjì-mẹ́ta lè pinnu ẹni tó máa wọ ilé ìjọba ní Òkè-Fíà.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Bàbá ní Ọláìyá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gùn tó báyìí, torí oòrùn ti ń mú. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Á jẹ́ pé géètì yín yẹn, ìbò rẹ̀ ò tíì parí."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní kí wọ́n yọ géètì náà. Ó ń fi mọ́tò gbé èrò lálẹ́, ọlọ́dẹ sì ti tì í mọ́ta lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn àlejò tó kọ́lé sórí oko àgbàdo, tó sì dìbò fún géètì. Bàbá náà ti kú. Ọmọ ló ń jókòó sípò rẹ̀. Akọ̀wé bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin àlejò náà kọ́ lẹ ní ká ṣe é?" Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Àlejò wo? Níbí ni wọ́n bí mi sí." Alága sún ọ̀rọ̀ náà sí oṣù tó ń bọ̀.